Ṣúgà Ayédèrú nínú Àwo Arúgbó

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá sọ fún mi pé ó ti pẹ́, pé ìyá mi ti sinmi, pé kí n fi ọ̀rọ̀ Wàsílátù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ti fi lé e lọ́wọ́ rí. Mo dúró, mo dúró, Wàsílátù ń sanra sí i, ó ń kọ́lé, ó ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín bí a bá pàdé lọ́jà. Ìgbà tí mo rí i pé Ọlọ́run kò kánjú, mo gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe, kí ẹ lè bá mi bínú.

Ní Ìlá yìí, bí ẹ bá bi àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ pé búrẹ́dì ta ni wọ́n jẹ kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé, búrẹ́dì Àbẹ̀ní ni wọ́n máa ní. Ìyá mi ni Àbẹ̀ní. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ààrò amọ̀ rẹ̀ wà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ìlá, igi ló sì ń dá sí i. Kò ra yíìsì inú agolo rí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, yíìsì kò wọ́pọ̀, èyí tó bá sì dé, àwọn oníbúrẹ́dì ńláńlá ló ń kó o lọ. Bàbá tó bí i lọ́mọ, akọ̀pẹ ni, ló bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹmu fún un nínú akèrègbè, ó ní kó dán an wò. Ìyá mi po ó mọ́ ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun wú.

Láti ọjọ́ náà, kí ó tó gbé búrẹ́dì sínú ààrò, á gé díẹ̀ pamọ́ nínú ìyẹ̀fun tó ti pò, á fi sínú àwo tánńganran kan tí etí rẹ̀ ti ṣá, á fi aṣọ funfun bò ó. Èyí tó pamọ́ lónìí ni yóò mú ti ọ̀la wú. Wọ́n ń pè é ní ìwúkàrà nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n Arúgbó ni àwa ń pè é nílé wa. Kí a tó béèrè bóyá a jí ire, a ti béèrè bóyá Arúgbó ti jẹun. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé búrẹ́dì ìyá mi: a kì í da Arúgbó nù. Bí ìyẹ̀fun ọjọ́ kan bá bàjẹ́, bí òjò bá pa ààrò, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ pamọ́, kí ẹ sì fún un lóúnjẹ.

Búrẹ́dì rẹ̀ ní adùn kan tí n kò tíì bá pàdé nínú òmíràn. Ó dùn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gbé e mì, kíkan fẹ́ẹ́rẹ́ kan á fọwọ́ kan yín lẹ́yìn ahọ́n, á sì lọ. Ara aṣọ ìyá mi ń rùn bẹ́ẹ̀. Orí ibùsùn tí a jọ ń sùn ń rùn bẹ́ẹ̀.

Wàsílátù wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà tí n kò tíì wọ ilé ìwé gíga. Ó jù mí lọ, àǹtí ni mo sì ń pè é. Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Òun ló ń di irun mi, òun ló ń bá mi purọ́ fún ìyá mi tí mo bá pẹ́ délé. Nígbà tó gboyè tán, kò lọ. Ìyá mi ní kó dúró, kó máa mójú tó àwọn òṣìṣẹ́, nítorí èmi ń lépa ìwé, mo sì ti gba iṣẹ́ olùkọ́ bàọ́lọ́jì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi. A gbé e lọ sí Ìlọrin, ó sì pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí a padà dé, ààrò tutù, páànù búrẹ́dì kò sí, fúláwà kò sí, òṣìṣẹ́ kò sí. Wàsílátù ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi tí ó kọ́ sí lójú ọ̀nà Ọ̀rà. Ó gbé Arúgbó lọ, tòun tàwo. Ó sì gbé pátákó kan sójú títì: BÚRẸ́DÌ ỌMỌ ÀBẸ̀NÍ. Ẹ gbọ́ o! Èmi tí Àbẹ̀ní fi inú ara rẹ̀ bí, mo dúró níwájú pátákó náà, mo ń kà á.

Ìyá mi kò bèèrè fún páànù. Kò bèèrè fún òṣìṣẹ́. Ó ní kí n mú òun lọ, òun kàn fẹ́ gba ẹ̀kúnwọ́ Arúgbó kan, kí òun fi bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Mo fi mọ́tò gbé e lọ. Ó jókòó sórí àpótí láàárín àwọn páànù ara rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, “Wàsílá, bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi.”

Wàsílátù nu ọwọ́ rẹ̀ nídìí. Ó ní, “Ìyá, ẹ sinmi. Ọwọ́ yín kò lè po ìyẹ̀fun mọ́. Bí Arúgbó bá di méjì nínú ìlú kan, a ti di orogún nìyẹn. Ẹ má ṣèyọnu, màá máa gbé búrẹ́dì wá fún yín.”

Ìyá mi ní kí n gbé òun dìde. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ló sọ ọ́, ó tún un sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ń sọ ọ́ títí ọyẹ́ ọdún náà fi mú un lọ: “Kò fún mi ní Arúgbó mi.” Gbólóhùn yẹn náà ni mo kó. Wàsílátù wá sí ìsìnkú, ó gbé agbọ̀n búrẹ́dì wá, ó sì sunkún kíkan ju èmi ọmọ lọ. Ojú tó ń tì mí ni kò jẹ́ kí n da agbọ̀n náà lé e lórí.

Ohun kan wà tí ẹ máa fi mí ṣẹ̀rín. Mo kórìíra obìnrin yìí, búrẹ́dì rẹ̀ ni mo sì ń jẹ. Adùn ìyá mi wà nínú rẹ̀, níbo ni kí n tún ti rí i? N kò lè fẹsẹ̀ ara mi lọ rà á, nítorí náà Tìjání ọlọ́kadà ló máa ń lọ bá mi rà á ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Tìjání kò mọ ẹnu rẹ̀ pa mọ́.

“Mà, ẹ ní obìnrin yìí ò dáa.”

“Kò dáa.”

“Ẹ wá ń jẹ búrẹ́dì ẹ̀.”

“Búrẹ́dì ìyá mi ni mò ń jẹ. Máa lọ jàre.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe, títí di ọjọ́ tí mò ń tún fíríìjì láàbù wa ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo sì rí igò kékeré kan lẹ́yìn àwọn oògùn tó ti gbó. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ó ṣẹ́kù láti ìgbà tí mò ń ṣe máàsítà. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀, ẹ máa rò pé ṣúgà ni. Kì í ṣe ṣúgà. Ṣúgà ayédèrú ni.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Yíìsì tó wà nínú Arúgbó, ẹ̀dá tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i ni. Ilé alámọ̀ kékeré kan ni kálukú wọn, omi ló kún inú rẹ̀, ògiri ló sì yí i ká. Láìsí ògiri yẹn, omi inú yóò tú u ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣúgà ló fi ń mọ ògiri náà, á so ṣúgà mọ́ ṣúgà, á tò ó yípo. Bí yíìsì bá fẹ́ bímọ, ibi kan lára rẹ̀ á yọ kókó, kókó náà á máa dàgbà, òun lọmọ. Ṣùgbọ́n kí kókó tó lè yọ, yíìsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dẹ ògiri àtijọ́ níbẹ̀, kó sì yára mọ tuntun dí i. Ṣúgà ayédèrú jọ ṣúgà gidi débi pé ẹnu ọ̀nà yíìsì kò lè dá a mọ̀. Ọwọ́ kékeré kan péré ló sọnù lára rẹ̀. Yíìsì á gbé e wọlé tayọ̀tayọ̀, á gbé e lọ sí ìdí iṣẹ́, ibẹ̀ ló máa ti mọ̀ pé òun gbé wàhálà wọlé. Ayédèrú kò ṣeé jẹ, kò ṣeé mọ ògiri, kò sì jẹ́ kí ti gidi ráyè kọjá. Ògiri ti dẹ̀, amọ̀ kò sí. Omi inú á tì, á tì, yíìsì á bẹ́ gan-an níbi tí ọmọ ìbá ti yọ.

Kì í ṣe yíìsì nìkan. Èébu tó ń hù lórí àgbàdo tútù náà, ìdí kan náà ló ń bẹ́, níbi ṣóńṣó orí okùn rẹ̀ tó ń nà lọ. Èyí tó bá ń sùn, tí kò dàgbà, kì í kú. Èyí tó ń dàgbà, tó ń gbìyànjú láti bímọ, òun ni ṣúgà ayédèrú ń mú. Mo gbé igò náà lọ́wọ́, mo rántí pátákó ojú ọ̀nà Ọ̀rà, mo sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lóṣù náà.

Kí ẹ má bàa rò pé apààyàn ni mí: ohun tí mo fẹ́ lò kò tó ohun tí yóò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ nínú Arúgbó nìkan. Kò sí ẹni tó ń jẹ Arúgbó. Tí wọ́n bá fi bá ìyẹ̀fun gbogbo pò tán, ẹnu ọmọdé kò lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. N kò bá àwọn ará Ìlá jà. Mo kàn fẹ́ kí Wàsílátù jí lọ́jọ́ kan, kó ṣí aṣọ funfun, kó sì bá òkú nínú àwo. Mo fẹ́ kó mọ bí ó ṣe máa ń rí lára kí ènìyàn na ọwọ́ sí Arúgbó, kó má sì sí.

Ọdún Iléyá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo wọ aṣọ dáadáa, mo ra èso, mo lọ kí i. Nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ju aṣọ tó ń ká lọ́wọ́ sílẹ̀, ó sáré wá dì mọ́ mi.

“Moríyọ̀! Ọmọ ìyá mi! Ṣé ìwọ rèé?”

“Ẹ kú ọdún, àǹtí. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀.”

Ó sunkún. Èmi náà fi ọwọ́ nu ojú mi. Ó mú mi rìn yí ilé búrẹ́dì ká, ó ń fi ààrò hàn mí, ó ń fi fèrèsé tuntun hàn mí. Mo rí Arúgbó lórí pẹpẹ, nínú àwo tánńganran tí etí rẹ̀ ti ṣá, aṣọ funfun lórí rẹ̀. Orí mi wú. Díẹ̀ ló kù kí n kàn gbé e sáré.

Láti ọjọ́ náà, mo di ará ilé. Mo máa ń yà síbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tí iṣẹ́ bá tán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wàsílátù kì í fi ìrun ṣeré. Tó bá ti bọ́ sẹ́yìn láti ṣàlùwàlá, èmi á ṣí aṣọ funfun, màá fún Arúgbó ní ìpín ṣúgà ayédèrú tirẹ̀, màá fi ọ̀pá igi pò ó, màá sì bò ó padà. Tó bá dé, màá máa béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i: èmi náà wọlé síbẹ̀ bí ṣúgà ayédèrú, ó sì gbé mi wọlé tayọ̀tayọ̀.

Kò pẹ́ rárá. Tìjání dé lọ́jọ́ Sátidé, ó na búrẹ́dì sí mi bí ẹni ń na òkúta.

“Mà, ẹ wo eléyìí. Èèyàn lè fi mọlé.”

Mo gé e. Inú rẹ̀ dì bí ẹ̀bà àná. Mo fi ẹ̀wà jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú bó ṣe rí, mo ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì bí mo ṣe ń jẹun.

Àwọn tó ń gba búrẹ́dì lọ sí Òkè-Ìlá bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá ilé ìwé ń lọ ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo lọ síbẹ̀ ní Jímọ̀ọ̀, mo bá Wàsílátù lórí àpótí, ó gbé àwo náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń gbóná.

“Moríyọ̀, ìwọ lo kàwé. Wo Arúgbó bá mi. Kò mí mọ́.”

Mo wò ó. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, omi rú lójú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ní láti bojú wo ilẹ̀.

“Ó ti gbó, àǹtí,” ni mo wí. “Gbogbo nǹkan ló ń gbó. Ẹ dà á nù. Ẹ ra yíìsì inú agolo, ìrọ̀rùn ló wà níbẹ̀.”

Ẹ wò ó, ohun tí mo fẹ́ jù nìyẹn: kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á sí gọ́tà, kí n dúró níbẹ̀, kí n máa wò ó.

Ó mi orí. “Ìyá ní a kì í da Arúgbó nù.”

“Ìyá ti kú.”

“Mo mọ̀. Òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀.” Ó bu ìyẹ̀fun tuntun, ó bomi sí i, ó gé ìwọ̀nba díẹ̀ lára òkú náà, ó pò ó mọ́ ọn. “Màá máa gé e pamọ́. Bó ti wù kó rí, màá máa gé e pamọ́.”

Inú bí mi. Ta ni ó ń fi òfin ìyá mi hàn? Òfin tí ó kọ́ nílé wa, tí ó fi ja ìyá mi lólè! Bó ṣe bọ́ sẹ́yìn lọ ṣàlùwàlá, mo fún Arúgbó ní ìlọ́po èyí tí mo máa ń fún un. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tẹ̀lé ìyẹn. Ó ń gé pamọ́, èmi ń pa. Ó tún gé pamọ́, mo tún pa. Mo rò pé ìjà ni à ń jà.

Ìbínú burú. Nítorí ohun tí mò ń ṣe yẹn, ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe nínú láàbù ní Ìlọrin ni. Mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo máa ń ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó fún wọn: bí ẹ bá fẹ́ rí yíìsì tí ṣúgà ayédèrú kò lè pa, ẹ fún wọn ní ṣúgà ayédèrú, ẹ mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́kù, ẹ fún wọn lóúnjẹ tuntun, ẹ tún fún wọn ní ṣúgà ayédèrú. Láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye, ọ̀kan á wà tó yàtọ̀ díẹ̀ láti inú wá. Òun ló máa kù. Ọmọ rẹ̀ ló máa kún àwo. Èmi ni mo ń fún wọn ní ayédèrú, Wàsílátù ni ó ń mú díẹ̀ pamọ́. A jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, n kò sì rí i.

Sátidé kan, Tìjání dé, búrẹ́dì méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ra tèmi mọ́ ọn. Ẹ ò rí èrò! Wọ́n tò dé ìta.”

Búrẹ́dì náà ga ju páànù rẹ̀ lọ fíìfíì, ó tú yẹ́yẹ́ kọjá etí, ó pọ́n dáadáa. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, ó padà jáde. Ní gbogbo ìgbà ayé ìyá mi, búrẹ́dì rẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

N kò gbà á gbọ́. Mo ní bóyá ó ti ra yíìsì agolo. Ní Jímọ̀ọ̀, mo fọwọ́ bu díẹ̀ nínú Arúgbó, mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sí láàbù. Mo fi apá kan sórí oúnjẹ gidi, mo fi apá kan sórí èyí tí mo da ṣúgà ayédèrú sí. Orí èyí tí ayédèrú wà ni wọ́n ti hù dáadáa jù, wọ́n tò rùmùrùmù, wọ́n ń dán. Mo gbé wọn sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Kò sí èyí tó bẹ́ nínú wọn. Ògiri gbogbo wọn pé. Ọmọ ń yọ lára wọn lọ́tùn-ún lósì.

Mo sì mọ ìdí tí búrẹ́dì fi ga. Yíìsì tí a mọ̀, tó bá rí ṣúgà tó dùn, kì í bojú wo ṣúgà inú ìyẹ̀fun títí ti àkọ́kọ́ á fi tán. Ó lẹ́mìí wọ̀bìà, ṣùgbọ́n ó ń yan oúnjẹ. Àwọn tí ayédèrú kò lè pa wọ̀nyí kò yan nǹkan kan mọ́. Gbogbo ohun tó wà nínú ìyẹ̀fun ni wọ́n ń jẹ pa pọ̀. Ìyẹ̀fun tó máa ń sùn kó tó wú, ó ti ń wú kí wọ́n tó dáná ààrò tán. Àwọn oníbúrẹ́dì ńláńlá ń wá irú yíìsì báyìí. Mo ti tọ́ ọ dàgbà fún Wàsílátù lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo padà sílé, mo gé búrẹ́dì tuntun tí Tìjání tún rà wá. Mo jẹ ẹyọ kan, mo jẹ òmíràn. Mo fi ahọ́n wá kíkan fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Mo jẹ ẹ́ láìfi nǹkan kan sí i, mo fi omi gbé e mì, mo tún gé. Ó dùn, ó rọ̀, ó dà bíi búrẹ́dì ibikíbi. Kíkan náà, àwọn ti àtijọ́ ló ni ín, àwọn ọlọ́jọ́ orí tí wọ́n wá láti ìsàlẹ̀ akèrègbè bàbá ìyá mi, tí wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́ ṣiṣẹ́. Mo ti pa gbogbo wọn. Wàsílátù kò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀. Èmi nìkan ló mọ̀, nítorí èmi nìkan ló ń wá a.

Ọjọ́ tí a ń ṣe ìrántí ìyá mi, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá Wàsílátù nínú ìloro wa. Ó dá wá. Ó gbé nǹkan tó fi aṣọ funfun bò lọ́wọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti kúnlẹ̀, òun tó jù mí lọ.

“Àǹtí, ẹ dìde. Kí ló dé?”

“Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Moríyọ̀, mo mọ ohun tí mo ṣe fún ìyá. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló bèèrè, mo fi dù ú. Láti ọjọ́ náà, n kò fọkàn balẹ̀ po ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti wá bá ọ. Lẹ́yìn náà, ìwọ fúnra rẹ wá kí mi ní Iléyá. Ìwọ tí mo ṣẹ̀! O ń wá ní Jímọ̀ọ̀, o ń béèrè àwọn ọmọ mi. Mo ní, ọmọ ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́.”

Mo na ọwọ́ sí i kí n fà á dìde, ó kọ̀.

“Nígbà tí Arúgbó fẹ́ kú, mo mọ̀ pé ìyá ló ń bá mi jà. Mo ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ bí mo ṣe ń gé e pamọ́. Mo ní, ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ló ṣe mí. Mo kọ̀, n kò dà á nù. Ó sì jí! O rí bó ṣe jí. Kò wú báyìí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ìyá ti dárí jì mí, Moríyọ̀. Ó ti fi hàn mí.” Ó gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè. “Mo wá fún ọ ní tirẹ. Ti ìyá ni. Ó yẹ kó wà nínú ilé yìí.”

Àwo tánńganran ìyá mi ni, èyí tí etí rẹ̀ ti ṣá.

Kí ni kí n sọ? Mo fẹ́ pariwo pé irọ́ ni, pé ìyá mi kò dárí jì í, pé Arúgbó kò jí, òkú ni, èmi ni mo pa á. Ṣùgbọ́n n kò lè já ìdáríjì náà gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ ẹni tí mo jẹ́ ní gbogbo Jímọ̀ọ̀ yẹn. Ó ti gba ilé búrẹ́dì, ó ti gba orúkọ, èmi sì ti fi ọwọ́ ara mi po ẹ̀san fún un, ó ń tà á, ó ń jèrè. Ní báyìí ó tún rí àlàáfíà gbà níbẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ju ọjọ́ tí a sin ìyá mi lọ.

“Ẹ ṣé, àǹtí,” ni mo wí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Nígbà tó lọ tán, mo ṣí aṣọ funfun. Ìyẹ̀fun náà wú, ó ń gbé aṣọ sókè. Mo gbé imú sí i, ó ń rùn bí ṣúgà. Kò rùn bí aṣọ ẹnikẹ́ni. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tó ti ń wó, mo na àwo sójú gọ́tà, mo fẹ́ dà á nù. Ọwọ́ mi kò yí. Òfin ilé wa ni. Mo padà wọlé, mo ń ṣépè fún Wàsílátù lójú ọ̀nà, mo bu fúláwà, mo bomi sí i, mo fún un lóúnjẹ.

Ẹ̀kúnwọ́ kan ni ìyá mi bèèrè títí ó fi kú. Mo ti bá a gbà á báyìí. Ó wà nínú àwo rẹ̀ lórí tábìlì mi, kò sì sí nǹkan kan tirẹ̀ nínú rẹ̀.